Toolkit wo ni kí n fi kọ ìwé àjọ àǹtí mi? Windows 7 ni tiwọn, Ubuntu ni tèmi

ỌmọOyìngbò:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti fẹ́ dà mí lórí rú. Kóòdù kọ́ ni mo fi ń jẹun o, firíìjì àti AC ni mò ń tún ṣe ní Èbúté Mẹ́ta, alẹ́ àti ọjọ́ Sunday ni mo fi ń kọ Python (èdè kọ̀ǹpútà kan), mo kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni, ó ti lé lọ́dún méjì báyìí.

Àǹtí mi, àbúrò màmá mi, àjọ ni wọ́n ń gbà lọ́jà Oyìngbò. Ẹni tó bá mọ bí àjọ ṣe ń lọ á mọ̀ pé káàdì ni wọ́n ń lò: oníbàárà á dá 500 tàbí 1,000 lójoojúmọ́, alájọ á fi bírò sàmì sójú ọjọ́ yẹn, tóṣù bá parí á kó owó fún un, owó ọjọ́ kan péré lá yọ fún ara ẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó dá 1,000 fún ọjọ́ 31 á gba 30,000, alájọ á mú 1,000. Ìṣirò yẹn ò le. Ohun tó le ni pé àwọn oníbàárà wọn ti lé ní 140, inú ìwé gbàǹgbà kan ni gbogbo ẹ̀ wà, òjò sì ti pa ìwé yẹn lẹ́ẹ̀kan rí, ọjọ́ yẹn àǹtí mi ò jẹun.

Mo wá ní kí n kọ nǹkan kékeré kan fún wọn lórí kọ̀ǹpútà. Apá tó ń ṣírò, mo ti kọ ọ́ tán, inú SQLite, ohun tó ń tọ́jú dátà sínú fáìlì, ló ń kó o sí, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú terminal, wíńdò dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, àmọ́ ta ló fẹ́ gbé terminal síwájú àǹtí mi? Wọ́n ní kí lèyí tó dúdú bí ìdí ìkòkò yìí. Ojú ẹ̀ ló kù, àwọn wíńdò, bọ́tìnnì, ibi tí wọ́n á ti máa tẹ orúkọ, ohun tí wọ́n ń fi toolkit kọ. Ibẹ̀ ni mo há sí.

Láàpútọ́ọ̀pù tiwọn, tòkunbọ̀ ayé ìgbà kan ni, Windows 7, 32-bit, RAM ẹ̀ ò ju 2GB lọ, bátìrì ẹ̀ ti kú pátápátá, tí wọ́n bá ti mú iná lọ báyìí òun náà ti lọ nìyẹn. Ubuntu, ọ̀kan nínú àwọn Linux, lèmi ń lò. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lẹ́kí, Mac ni tiẹ̀, òun ló máa ń bá àǹtí yẹ owó wò lóṣooṣù, òun náà ní òun fẹ́ máa rí i. Mi ò fẹ́ kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti fi Tkinter, toolkit kan tó wà fún Python, gbìyànjú, ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ orúkọ àwọn èèyàn ló ń bà mí nínú jẹ́, lórí Ubuntu mi tí mo bá kọ Ìyá Ṣẹ́gun, àmì tó yẹ kó wà lórí ẹ yẹn á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi fìlà tí atẹ́gùn fẹ́ gbé lọ. Mo wá ń gbọ́ Qt, GTK, wxWidgets, Kivy, Flutter, Electron, gbogbo ẹni tí mo bá bi ló ní tiẹ̀. Èwo ni kí n mú?

Gbẹ̀du_Akọka:

Tkinter kẹ̀! 😂 Ọ̀rẹ́ mi, Flutter ni o jàre. Google ló ń ṣe é, Dart ni èdè ẹ̀, kóòdù kan náà lo máa kọ fún Android, iPhone, Windows, Mac, Linux, gbogbo ẹ̀. Ti Windows ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti February 2022, ti Mac àti Linux tẹ̀ lé e ní May ọdún yẹn. Ó rẹwà gan-an. Tó ò bá sì lè kọ́ Dart, lo Electron, òun ni wọ́n fi kọ VS Code, HTML àti JavaScript lásán ni. Àbí kẹ̀, ṣé àǹtí ẹ ò ní fóònù ni? Kó o gbé e sórí fóònù kí gbogbo wa sinmi.

ỌmọOyìngbò:

Fóònù tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ èyí tí jàgùdà á já gbà lọ́wọ́ àwọn lábẹ́ bíríìjì. Ṣé Flutter á gbà lórí Windows 7?

Àgbà_Lafiaji:

Kò ní gbà. Láti Windows 10 sókè ni Flutter ń bá ṣe. Electron náà ti kẹ̀yìn sí Windows 7 láti ìgbà tí version 23 ti jáde ní 2023, yàtọ̀ síyẹn, odindi Chromium, bùráwúsà tí Chrome dúró lé, ló ń gbé sínú ohunkóhun tó o bá fi kọ, nǹkan tí kò ní ju bọ́tìnnì kan lọ á lé ní 100MB, ẹ wá fẹ́ gbé ìyẹn sórí RAM 2GB. Ẹ fẹ́ pa ẹ̀rọ obìnrin yẹn ni?

Ọmọ Oyìngbò, gbọ́ tèmi. Ayé Turbo Pascal ni mo ti bẹ̀rẹ̀, a máa ń gbé floppy sínú ọ̀rá kí òjò má baà pa á tá a bá ń gun ọkọ̀ láti CMS. Lọ gba Lazarus. Free Pascal ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ó jọ Delphi ìgbà yẹn, o máa fa bọ́tìnnì láti ibi kan gbé e sórí fọ́ọ̀mù, o tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, o kọ ohun tó máa ṣe sínú ẹ̀, ó parí. Ohun tó máa jáde, fáìlì kan ṣoṣo ni, kò sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gbé Python sórí ẹ̀rọ, àfi sqlite3.dll tó o máa fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Má jẹ́ kó já ẹ láyà tó o bá kọ́kọ́ rí bí fáìlì yẹn ṣe tóbi o, debug info, ohun tí wọ́n fi ń wá àṣìṣe, ló kún inú ẹ̀, tó o bá yọ ọ́ kúrò á fọn wẹ́. Mo fi kọ ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi ní Ìdúmọ̀tà, ó ti ń lọ sọ́dún kẹsàn-án, orí Windows XP kan tí mi ò láyà láti fọwọ́ kàn mọ́ ló wà.

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè:

Ẹ̀gbọ́n Lafiaji, ẹ kú àgbà o, òótọ́ lẹ sọ nípa Lazarus, àmọ́ ọmọ yìí ti kọ ìdajì iṣẹ́ ẹ̀ ní Python, ẹ ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ Pascal láti A. Á sú u kó tó dé B. Iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń sanwó fún èèyàn lórí ẹ̀, bí wọ́n bá ní kó tún un bẹ̀rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, á pa á tì ni.

Àbúrò, àwọn toolkit yìí, ìrìn wọn ò jọra. Àwọn kan ń yá bọ́tìnnì lọ́wọ́ Windows tàbí Mac fúnra ẹ̀, bí wxWidgets ṣe ń ṣe nìyẹn, ti Lazarus náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń fọwọ́ ara wọn yà á, Qt, GTK, Flutter. Èyí àkọ́kọ́ dà bí ẹni tó ra aṣọ ẹbí tí onínàáwó yàn, ó bá gbogbo ará ibẹ̀ mu. Èkejì gbé aṣọ tiẹ̀ láti ilé, ibi yòówù tó bá lọ bákan náà lá ṣe rí. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì, àmọ́ ẹni tó ń yá nǹkan oníǹkan, ibi tí nǹkan yẹn bá ti wọ́, ó máa wọ́ mọ́ òun náà lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi máa ń rí i pé ohun tó tọ́ lórí Linux á wá fún pọ̀ lórí Mac.

Fún tìẹ, Qt ni màá mú, àmọ́ kì í ṣe tuntun o. Qt 6 ò bá Windows 7 ṣe, PySide6 tí wọ́n ń gbé jáde ò sì ní ti 32-bit rárá. Qt 5.15 ni kó o lò, èyí tó jáde ní 2020, PySide2 ló ń jẹ́ ní Python. Python fúnra ẹ̀ ńkọ́? 3.8 lo máa dúró sí, torí láti 3.9 lọ kì í wọlé sórí Windows 7 mọ́. Mo mọ̀ pé èyí tó dé lánàá ló máa ń wu ẹ̀yin ọmọdé, àmọ́ ẹ̀rọ àǹtí ẹ ló ń pàṣẹ níbí. Ọjọ́ 14 January 2020 ni Microsoft ti ṣíwọ́ lórí Windows 7, nítorí náà má jẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì, kó jókòó sílé ti àjọ ẹ̀.

Ti ẹ̀gbọ́n ẹ oní-Mac, má kọ PySide2 tààrà sínú kóòdù ẹ. Nǹkan kan wà tó ń jẹ́ QtPy, ó dúró láàárín, ìwọ á máa pe QtPy, òun á wo èyí tó bá bá lórí ẹ̀rọ, ì báà jẹ́ PySide2 ì báà jẹ́ PySide6. Kóòdù kan náà, Qt àtijọ́ lọ́dọ̀ àǹtí, Qt tuntun ní Lẹ́kí. Wàá rí PyQt5 náà níta, Qt kan náà lòun náà ń pè, àmọ́ GPL ni láísẹ́ǹsì tiẹ̀, ẹni tó o bá fún ní ohun tó o kọ, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba kóòdù ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ, àfi tó o bá sanwó. LGPL ni ti PySide, ìyẹn rọ̀ díẹ̀. Lónìí àǹtí ẹ nìkan ni, lọ́la gbogbo alájọ Oyìngbò á ní àwọn náà fẹ́.

Ó wá ku ti fìlà. ẹ àti ọ ní ẹyọ tiwọn nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, àwọn ará Vietnam náà ń lò wọ́n, fóǹtì tó bá ti mọ èdè tiwọn ti mọ méjèèjì. ṣ ò sí nínú ti Vietnam, ìdí nìyẹn tó o fi máa ń rí i nígbà míì tí ṣ á dá yàtọ̀ láàárín orúkọ bí àlejò, inú fóǹtì míì ni kọ̀ǹpútà ti lọ yá a. Àmọ́ ẹ́ àti ọ̀, kò sí ẹyọ kan tó dá dúró fún wọn. ẹ ló máa kọ́kọ́ wà, àmì á wá tẹ̀ lé e, U+0301 fún ohùn òkè, U+0300 fún ohùn ìsàlẹ̀, ẹni tó ń yà á sójú wíńdò ló gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe máa gbé àmì yẹn ka orí ẹ̀. HarfBuzz ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn nínú Qt, GTK náà ń lò ó nípasẹ̀ Pango. Tkinter tó wà lórí Ubuntu ẹ ò lò ó, òun ni fìlà ṣe yẹ̀. Kó fóǹtì Noto Sans sínú fóódà iṣẹ́ ẹ kó o fi QFontDatabase.addApplicationFont gbé e, kó o má gbẹ́kẹ̀ lé fóǹtì orí ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni.

Mò ń bọ̀, àwọn ìbejì ti da gààrí sórí rọ́ọ̀gì.

Gbẹ̀du_Akọka:

Màmá Ìbejì ẹ má bínú o, mo sáré ka ìbéèrè yẹn, mi ò rí Windows 7 🙏. GTK ńkọ́ ṣá? Ṣebí Ubuntu ló ń lò.

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè:

Orí Linux ni ilé GTK, ó dùn níbẹ̀, torí GIMP ni wọ́n ṣe kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀. Kíkó o lọ sórí Windows ló ń mú èèyàn sunkún. Tó bá jẹ́ Ubuntu nìkan ni, mi ò bá má jiyàn.

Ọlọ́pọ́n:

Tkinter tí gbogbo yín ń gbá létí yìí, òun ni mo fi kọ ayò ọlọ́pọ́n, ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, Canvas lásán ni mo fi yà á, Saturday àti Sunday kan ni mo fi parí ẹ̀, kò sí nǹkan kan tí mo fi dátà gbà yàtọ̀ sí python3-tk. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ Qt, ṣé ẹ ti wo bí PySide ṣe wúwo tó? Tí èèyàn bá ń fi hotspot gbà á, tí kò bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, dátà ti wọgbó nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ìrísí ẹ̀ ni kò wù ọ́, lo ttk dípò àwọn bọ́tìnnì àtijọ́ yẹn, á jọ ti Windows gangan lórí ẹ̀rọ àǹtí.

Ìbéèrè tèmi tiẹ̀ nìyí: ta ló sọ pé àǹtí máa tẹ àmì? Mi ò tíì rí alájọ tó ń fi àmì sórí orúkọ. Iyasegun ni wọ́n máa tẹ̀, papọ̀, láìgbé ọwọ́. Ẹ wá ń bá HarfBuzz jà.

ỌmọOyìngbò:

Ọ̀gá Ọlọ́pọ́n, ẹ̀yin náà ti sọ òótọ́ kan o. Àǹtí ò lè tẹ àmì. Àmọ́ èmi ni mo máa kọ́kọ́ kó orúkọ gbogbo wọn wọlé láti inú ìwé, èmi sì fẹ́ kọ orúkọ èèyàn bó ṣe ń jẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti fi àmì sí i, tí àǹtí wá tẹ Segun lásán, ṣé á rí i?

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè:

Kò ní rí i, àfi tó o bá ràn án lọ́wọ́. Tọ́jú orúkọ méjì fún ẹnì kan: ọ̀kan bí o ṣe kọ ọ́, ọ̀kan fún wíwá nìkan. Kó o tó tọ́jú ti àkọ́kọ́, fi unicodedata.normalize("NFC", orúkọ) gbá a jọ, torí ẹ́ kan náà, ẹlòmíì á tẹ é kó tó fi àmì sábẹ́ ẹ̀, ẹlòmíì á tẹ ẹ kó tó fi òkè sí i, lójú ẹ ọ̀kan náà ni, lójú SQLite ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. NFC á sọ méjèèjì di ọ̀kan. Fún ti wíwá, lo NFD, á tú gbogbo ẹ̀ ká, kó o wá ju àmì dànù.

Ibi tó ti di àríyànjiyàn ni àmì abẹ́, U+0323 yẹn. Tó o bá jù ú dànù, oko àti ọkọ ti di ọ̀kan náà nìyẹn, òwò àti ọ̀wọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè lò ń kọ, mi ò ní gbà. Àmọ́ fún àǹtí tó ń wá oníbàárà, jù ú dànù, kí ẹni mẹ́ta jáde kí wọ́n mú èyí tí wọ́n mọ̀, ó sàn ju kí wọ́n tẹ orúkọ kí kọ̀ǹpútà ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àgbà_Lafiaji:

Ẹ ti sọ̀rọ̀ fìlà títí ẹ gbàgbé iná. Ẹ̀rọ tí kò ní bátìrì! Ọmọ Oyìngbò, má ṣe bọ́tìnnì kan tí wọ́n máa tẹ̀ nírọ̀lẹ́ kó tó tọ́jú iṣẹ́ gbogbo ọjọ́. Bí wọ́n bá ṣe tẹ ti ẹnì kan tán báyìí, commit, ìyẹn ni kó tọ́jú ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. SQLite kì í fi nǹkan sáàárín, bí iná bá lọ nígbà tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́, tí wọ́n bá tún ṣí i á padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, yálà ó wọlé pátápátá tàbí kò wọlé rárá. Má pa fáìlì journal tó o bá rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ o, òun ló fi ń rántí. Ọmọkùnrin kan pa á rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa, ó ní òun ń tún ilé ṣe.

Mo ṣì dúró lórí Lazarus o.

ỌmọOyìngbò:

Mo padà dé, ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má bínú. PySide2 ni mo mú, Python 3.8, QtPy láàárín wọn. Hotspot já lẹ́ẹ̀mejì bí Ọ̀gá Ọlọ́pọ́n ṣe wí, ìgbà kẹta mo lọ sílé ọ̀rẹ́ mi kan ní Yábàá tó ní wáyafáì. Fìlà Ìyá Ṣẹ́gun ti jókòó sórí ẹ̀ báyìí, lórí Ubuntu àti lórí Windows 7.

Ibi tí ojú mi ti rí nǹkan ni PyInstaller, tó ń sọ kóòdù Python di ohun tí wọ́n lè ṣí láìgbé Python sórí ẹ̀rọ. Mo rò pé orí Ubuntu mi ló ti máa bá mi ṣe .exe, irọ́ ni, orí Windows lèèyàn ti gbọ́dọ̀ ṣe ti Windows, orí Mac lèèyàn ti ń ṣe ti Mac. Ìgbà tí àǹtí bá sùn ni mo máa ń lọ jókòó ti ẹ̀rọ wọn. Mo kọ́kọ́ ṣe é ní fáìlì kan ṣoṣo, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i ló máa ń tú ẹrù ẹ̀ sí fóódà kan kó tó gbéra, lórí ẹ̀rọ yẹn èèyàn lè lọ pọn omi dé, antivirus sì tún gbé e jù sẹ́wọ̀n, ó ní kòkòrò ni. Mo wá ṣe é ní fóódà dípò fáìlì kan, ara tu gbogbo wa.

Àmọ́ toolkit kọ́ ló wá dá wa dúró o. Mo ti ṣe fọ́ọ̀mù tó dùn-ún wò, ibi orúkọ, ibi ọjọ́ tí kàlẹ́ńdà á yọ jáde, ibi owó, bọ́tìnnì Fi Pamọ́. Àǹtí wò ó títí, wọ́n ní, "Káàdì dà?" Mo ní káàdì wo? Wọ́n ní káàdì àjọ, wọ́n ní ṣé mo rò pé àwọn máa tẹ ọjọ́ òní fún gbogbo oníbàárà ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Mo da fọ́ọ̀mù yẹn nù lóru ọjọ́ yẹn. QGridLayout tó ń tò wọ́n bíi káàdì, bọ́tìnnì 31, setCheckable tó ń jẹ́ kí bọ́tìnnì dúró ní títẹ̀, wọ́n á tẹ òní, á di búlúù, torí bírò búlúù ni wọ́n ń lò, á sì commit lójú ẹsẹ̀. Kóòdù ẹ̀ ò tó ogún ìlà.

Lánàá wọ́n mú iná lọ nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Iná dé ní nǹkan bíi aago mẹ́jọ alẹ́, wọn ò kí mi o, ìwé ni wọ́n gbé jáde, wọ́n ń fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwé, kọ̀ǹpútà, ìwé, kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀, àwọn fúnra wọn sì ní àwọn ò tíì tẹ tiẹ̀ kí iná tó lọ. Wọ́n pa ìwé dé. Wọ́n ní bírò pupa ńkọ́? Àṣé àwọn tó bá ti gba owó ṣáájú kóṣù tó parí, pupa ni wọ́n fi ń sàmì tiwọn. setCheckable sì rèé, ipò méjì péré ló mọ̀. Màmá Ìbejì, báwo ni mo ṣe lè rí ìkẹta?

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè:

Gbàgbé setCheckable. Fi setProperty sọ ipò tí bọ́tìnnì yẹn wà fún un, òfìfo, búlúù, pupa, kó o kọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú stylesheet. Tó o bá yí i padà, pe unpolish kó o tó pe polish kí Qt lè tún un kùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní yí lójú ẹ, wàá rò pé o ya wèrè. Bá mi kí àǹtí, kó o bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń gba oníbàárà tuntun, mo máa ń wá ra ata ní Oyìngbò ní Saturday.